Ìrìn ẹsẹ̀ láti Freedom Park dé Ìkòyí

Ìrìn ẹsẹ̀ láti Freedom Park dé Ìkòyí jẹ́ ìrìn ìgbafẹ́ kan ní Èkó tí ènìyàn lè rìn láìsí afinimọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Broad Street, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ní 1882. Herbert Macaulay, olóṣèlú tó jà fún òmìnira Nàìjíríà, wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ní 1979, ibẹ̀ sì di ọgbà ìgbafẹ́ Freedom Park ní 2010, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà pé 50 ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kọ́ orí ìtàgé sí báyìí. Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba Oníkàn, níbi tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ṣí ní 1957, kí ó tó já sí Awolowo Road ní Ìkòyí, àdúgbò àwọn olówó. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀wọ̀n àti àdúgbò olówó kò bára tan. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló dá méjèèjì sílẹ̀: ó ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó, MacGregor Canal tí wọ́n gbẹ́ sì là á kúrò lára Erékùṣù Èkó. Irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ hàn ní Zaria ní àríwá Nàìjíríà pẹ̀lú: ìlú olódi lọ́tọ̀, Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò, lọ́tọ̀, GRA, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ́tọ̀.