Ibodè ni, kì í ṣe irin

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn á rántí pé mo máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé rélùwéè ló pa ọjà Ẹ̀jìnrìn. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo kọ́ yín.

Òótọ́ ni pé rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, kò yà sílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n kí ló kọ́kọ́ gbé Ẹ̀jìnrìn ga? Kì í ṣe ọ̀sà nìkan, torí Agbówà tó wà nítòsí rẹ̀ náà wà létí ọ̀sà. Ṣáájú 1892, àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí ará òkè gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sí Èkó. Ẹni tó bá ru ẹrù láti Ìbàdàn wá, àwọn ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibodè, àwọn náà ni yóò kó o dé etí ọ̀sà, kí ọkọ̀ ojú omi tó kó o lọ sí Èkó. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní oṣù Karùn-ún 1892, ìlẹ̀kùn yẹn ṣí. Irin kankan kò tíì kan ilẹ̀ nígbà náà.

Ìyá ìyá mi ló jẹ́ kí n ronú sí i. Gààrí ló ń kó láti Agbówà lọ sí Èbúté Èrò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bolẹ̀kájà ti ń ná ọ̀nà, síbẹ̀ màmá a máa jókòó de ọkọ̀ ojú omi. Mo rò pé agídí àgbà ni. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

"Lọ́rì yá, mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ta ni gààrí ń sá fún? Ọlọ́kọ̀ á dúró kí n tà tán kó tó gbowó. Onílọ́rì ńkọ́? Kí táyà tó yí ló fẹ́ tiẹ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n bá ra ẹja tútù, lọ́rì náà ni wọ́n ń wọ̀ o.

Ohun kan náà ni mo bá nílùú Ọba. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé ẹ̀wà tútù láti Kẹ́ńyà lọ síbẹ̀, ọkọ̀ òkun ló ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí ẹrù ṣe ń bàjẹ́ sí, ẹni tó ń dá owó ọkọ̀, ẹni tó di ọ̀nà mú: ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ń ṣírò. Ẹ lọ wo Mile 12, níbi tí tòmátì tó ti òkè Ọya wá ti ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀nà gbágungbàgun, tí ẹlẹ́rù sì ń san owó epo tó gbówó lórí láti 2023.

Ẹnì kan wà nínú yín tó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ibodè ni, kì í ṣe irin. Mo gé máàkì méje lára tirẹ̀. Bí o bá ń ka èyí, mo jẹ ọ́ ní gbèsè méje.