Pópó Àgùdà àti Àwọn Tó Kọ́ Ọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtumọ̀ òwe náà kò ṣòro: bí nǹkan bá ṣe rí nínú ìdílé lásìkò tí a bí ọmọ, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ yóò ti jáde. Ṣùgbọ́n ilé gan-an, èyí tí a fi bíríkì, amọ̀ àti igi kọ́, ni mo fẹ́ kí a jọ wò, nítorí pé ní àdúgbò tí mò ń gbé ní Erékùṣù Èkó, ilé tó tó wò ṣì wà, àmọ́ ọdọọdún ni wọ́n ń dín kù.

Pópó Àgùdà ni àdúgbò náà. Bí ẹ bá ti Tinubu wọ Òpópónà Bámgbóṣé, tí ẹ ń bọ̀ lọ́nà Campos, ẹ ó gba àárín àwọn aláṣọ, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ìyá alákàrà tí epo rẹ̀ ń hó ṣùṣù, àti àwọn ọmọléèwé tó ń yà fún kẹ̀kẹ́ Márúwá. Igbóṣeré kò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Òpópónà Tòkunbọ̀. Ní pápá Campos, bọ́ọ̀lù kì í sinmi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ariwo pọ̀ ní àdúgbò wa, gọ́tà ń kún nígbà òjò, jẹnẹrétọ̀ ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fún mi ní ilé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lẹ́kí, mi ò ní kó lọ. Ẹ ṣáà gbé ojú sókè kúrò lára ìsọ̀ àti wáyà iná. Lókè níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ, irin tí wọ́n fi ọnà sí lára níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ, tí ọ̀dà ti bo ojú rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ọ̀pọ̀ tó ń kọjá ń pe àwọn ilé wọ̀nyí ní ilé òyìnbó. Òyìnbó kọ́ ló kọ́ wọn. Ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú dé láti Brazil, àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ló kọ́ wọn. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ó di dandan kí a ya Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone dé, sọ́tọ̀ kúrò lára Àgùdà, àwọn tó ti Brazil dé, nítorí pé nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó padà sílé ní ayé ìgbà náà, ṣe là ń kó àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Sàró kò dé òdìkejì òkun rárá. Wọ́n kó wọn lẹ́rú lóòótọ́, wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú agbami, ó sì gbé wọn lọ sí Freetown. Bí ti Àjàyí Crowther ṣe rí nìyẹn. Ní Freetown, àwọn míṣọ́nnárì CMS àti Wẹ́sílì kọ́ wọn ní ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní ìparí àwọn ọdún 1830, àwọn tó wá sí Èkó tẹ̀dó sí Olówógbowó, iṣẹ́ akọ̀wé, olùkọ́, àlùfáà, oníṣòwò àti lọ́yà ni a sì fi mọ̀ wọ́n. Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, tó jẹ́ bàbá Herbert Macaulay, Sàró ni.

Àwọn Àgùdà dé òdìkejì òkun ní tiwọn. Wọ́n gé ìrèké ní oko Bahia ní Brazil. Àwọn mìíràn sìnrú nínú ìgboro Salvador, níbi tí olówó wọn ti máa ń rán wọn jáde kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n, kí wọ́n wá máa mú iye kan wálé fún un lọ́sẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú owó náà di tiwọn. Owó ìṣẹ́kù yìí ni ọ̀pọ̀ fi ra ara wọn padà. Wọ́n tilẹ̀ ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó jọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá èsúsú, wọ́n sì ń fi ra ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lóko ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún wá owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn wálé. Òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Brazil kò jáde títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, nígbà tí Pópó Àgùdà ti di àdúgbò ńlá ní Èkó. Ẹ wo ohun tí èyí ń sọ fún wa: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé síbí, òógùn ojú wọn ni wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá ń gba abẹ́ fèrèsé wọn kọjá.

Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé dé. Ní Salvador, àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀ àti alágbẹ̀dẹ tó ń sin ìlú, nítorí náà ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé ti mọ bí a ṣe ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì ti mọ bí a ṣe ń kan àtẹ̀gùn. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kópa nínú rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fojú àwọn tó ti gba òmìnira rí màbo lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì yọ ara wọn. Ìgbà tó fi máa di àwọn ọdún 1880, àwọn Àgùdà tó wà ní Èkó ti tó nǹkan bí 3,000. Àwọn tó ti Cuba dé náà wà láàrin wọn.

Ọ̀tẹ̀ 1835 yẹn mú mi dé orí ohun kan tí mo fẹ́ kí a tún wò. Nítorí pé Ìjọ Àgùdà là ń pe ìjọ Kátólíìkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ ìjọ náà ni gbogbo Àgùdà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mùsùlùmí wà nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn sì mú òrìṣà wọn padà bí wọ́n ṣe mú un lọ. Àwọn Kátólíìkì inú wọn kò dúró de àlùfáà kí wọ́n tó máa sin Ọlọ́run: ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Nígbà tí wọ́n sì kọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross, èyí tí wọ́n ṣí ní 1881, Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Kàtídírà tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ti àwọn ọdún 1930.

Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Òpópónà Martins ni ẹ̀rí tó dára jù lọ, mo sì máa ń mú àlejò lọ síbẹ̀ kí n tó mú wọn lọ síbòmíràn. Mohammed Shitta tó náwó rẹ̀, Sàró ni. Waterloo ní Sierra Leone ni wọ́n ti bí i. João Baptista da Costa tó ya àwòrán rẹ̀, Àgùdà ni, Sanusi Aka ló sì bá a ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Gómìnà Gilbert Carter ló jókòó sípò alága, Abdullah Quilliam sì ti Liverpool wá ṣojú Sùlútáánì Tọ́kì, tó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Owó Sàró, ọgbọ́n Àgùdà, ẹ̀sìn Ìsìláàmù, oyè Tọ́kì, gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ Èkó. Ọwọ́ tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ́ mọ́sáláṣí, ó sì hàn lára iwájú mọ́sáláṣí náà.

Iwájú ilé yẹn ni kí ẹ sún mọ́ dáadáa. Bí bíríkìlà bá ti rẹ́ ògiri tán, yóò lẹ símẹ́ǹtì mìíràn mọ́ àyíká fèrèsé kí ó lè yọ jáde. Yóò mú pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ti gé etí rẹ̀ ní wúlewùle, yóò fi fa símẹ́ǹtì tútù náà lọ, yóò fà á bọ̀, títí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò fi yọ lẹ́ẹ̀kan náà ní títọ́ gbọnrangandan. Níbi tí fèrèsé bá ti tẹ̀, yóò kan ẹsẹ̀ pátákó náà mọ́ ojú kan kí ó lè yí po. Òdòdó, ewé àti ìkarahun orí fèrèsé kò gba pátákó. Ìka àti ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, kí símẹ́ǹtì tó le. Ẹ wo òdòdó méjì lára ilé kan náà, ẹ ó rí i pé ewé wọn kò bára mu.

Nínú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló ti ẹnu ọ̀nà iwájú lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Agbo ilé Yorùbá àtijọ́ kọ ojú sí àgbàlá àárín. Ilé Àgùdà kọ ojú sí ìta, ó ń wo òpópónà. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ẹbí sì ń kún inú rẹ̀ bí ó ṣe ń kún agbo ilé. Ìdí nìyí tó fi rọrùn fún àwọn ará ibòmíràn láti gbà á. Àwọn ọmọṣẹ́ àwọn Àgùdà, àti ọmọṣẹ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn, gbé e dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Iléṣà, nígbà tí owó kòkó sì dé, ẹni tó bá rí já jẹ ni yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀. Bí ilé bàbá yín àgbà bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin, Pópó Àgùdà ni ọgbọ́n yẹn ti wá, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín kò tilẹ̀ mọ Brazil.

Mo tún gbọ́dọ̀ dárúkọ Water House ní Òpópónà Kakawa. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia, ló kọ́ ọ. Kàǹga ilé náà ló fún un lórúkọ, nítorí pé omi ẹ̀rọ láti Ijù kò dé títí di 1915, àwọn ará àdúgbò sì ń wá ra omi níbẹ̀. Candido ọmọ rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí Èkó kò lè gbàgbé.

Ẹ wo orúkọ bàbá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òwe wa sì tún dé: João láti ìrìbọmi, Esan láti ìdí ilé, da Rocha láti Bahia. Ní àwọn ọdún 1890, tí ìfẹ́ ohun ìbílẹ̀ ń gbóná ní Èkó, àwọn Sàró kan ju orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn nù. David Vincent di Mojọlá Agbébi ní 1894. Ọ̀pọ̀ Àgùdà ní tiwọn kò ju da Silva, Pereira tàbí Cardoso nù. Àwọn kan rò pé àìnífẹ̀ẹ́ ilẹ̀ baba ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ wọ̀nyẹn ti di orúkọ ilé tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́, ilé yẹn sì ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ àwọn ọmọ wọn lórúkọ.

Oúnjẹ náà ṣì wà. Bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá ti ku ọ̀la, òórùn àgbọn ló máa ń gba àdúgbò. Ẹ̀wà dúdú tí wọ́n ń pè ní ẹ̀wà ìbejì ni wọ́n ń sè títí yóò fi rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá da omi àgbọn àti ṣúgà sí i, kí wọ́n tó rò ó lórí iná tí kò le. Frejon nìyẹn, ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ìyá àgbà kan ní ilé ẹ̀gbẹ́ wa máa ń bu tèmi sọ́tọ̀. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ láti kí wọn lọ́dún kan, tí mo bi wọ́n léèrè ìdí tí àwo fi pọ̀ tó báyìí nílẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ti ilé Àlùfáà ṣì kù.” Mùsùlùmí ni Àlùfáà tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran á gba ọ̀nà kan náà padà.

Ìbànújẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ti àwọn ilé. Ilojo Bar, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 sí ẹnu Òpópónà Bámgbóṣé, wọ inú ìwé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ojúkòkòrò ni gbogbo ènìyàn ń pariwo. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ajogún ti pọ̀ ju yàrá lọ, òrùlé ń jò, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dá owó páànù san fún ilé tí gbogbo wọn ni. Olówó kan á wá ṣèlérí fúláàtì fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí. Bí ìwé ìjọba bá tún wá sọ fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun, láìfún wọn ní kọ́bọ̀ àtúnṣe, ṣe ló di ẹrù kún ẹrù wọn. Shitta-Bey, tó wọ inú ìwé náà ní 2013, dúró ṣánṣán, torí pé àwọn tó ń kírun níbẹ̀ ń dáwó, wọ́n sì ń tún un ṣe. Bí ìjọba bá fẹ́ kí àwọn tó kù dúró, kí ó bá wọn san owó òrùlé, kí ó gba àwọn ọ̀dọ́ bíríkìlà Campos síbi tí wọn yóò ti kọ́ bí a ṣe ń fa ìlà ojú fèrèsé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ilé tí ẹbí ṣì ń gbé inú wọn.