Láti Káàdì Aláàjọ Dé Káàdì Báńkì: Bí Káàdì Ṣe Gbilẹ̀ ní Nàìjíríà

  

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá, nígbà tí a ń to àga padà, ìyá kan nínú wa béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ kíá. Ó ní, "Káàdì báńkì màmá mi tó wà nílé, ọwọ́ ta ló yẹ kó wà?" Ẹnì kan ní kó wà lọ́wọ́ àbúrò tó gbọ́n jù. Ẹlòmíràn ní kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé Èkó, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ pọ̀ sí. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má tilẹ̀ gba káàdì fún àgbàlagbà rárá. Àríyànjiyàn di ńlá. Àwa tí a jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí a máa ń bá ẹgbẹ́ wọn ìfúnpá, ṣèlérí pé a ó kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí. Nígbà tí a jókòó láti kọ ọ́, a rí i pé a kò lè dáhùn ìbéèrè náà láì kọ́kọ́ mọ bí káàdì ṣe dé ilé wa. Ìdí nìyí tí ìdáhùn fi di ìtàn.

Káàdì tí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ mọ̀

Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Igba mẹ́wàá jẹ́ ẹgbàá, èyí ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí ni 20,000. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan ńlá ní láti wá alárùú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó òyìnbó dé, pọ́n-ùn àti ṣílè, títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 tí náírà bẹ̀rẹ̀, tí pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì.

Ṣùgbọ́n kí báńkì tó fún ẹnikẹ́ni ní káàdì, aláàjọ ti ń fún àwọn ìyá wa ní tiwọn. Páálí pẹlẹbẹ ni, tí a ya sí ojú 31, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Àárọ̀ àárọ̀ ni aláàjọ máa ń gba inú ọjà kọjá. Ìyá aláta yóò fún un ní iye tí wọ́n jọ fohùn sí, aláàjọ yóò sì sàmì sí ojú ọjọ́ náà lórí káàdì ìyá àti sínú ìwé tirẹ̀. Lópin oṣù, yóò kó owó náà fún un, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí èyí dáadáa. Kò sí owó nínú káàdì àjọ. Àkọsílẹ̀ lásán ni. Ohun tó mú un níyì ni pé ìyá aláta mọ aláàjọ, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ ẹbí rẹ̀. Bí aláàjọ bá sá lọ, káàdì kò lè ra iyọ̀. Ohun kan náà ni káàdì báńkì.

Ẹ̀rọ tí ń pọ owó

Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, bí bàbá wa bá fẹ́ gba owó ní báńkì, ọjọ́ kan gbáko ni. Wọn yóò gba ìwé rẹ̀, wọn yóò fún un ní tálì tí a kọ nọ́ńbà sí, yóò sì jókòó títí wọn yóò fi pe nọ́ńbà náà. A máa ń gbé oúnjẹ dání.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń pọ owó ti wà níbi tí à ń gbé yìí kí a tó bí wa. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1967 ni báńkì Barclays ṣí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Enfield, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ládùúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí. Kì í ṣe káàdì oníke ni wọ́n fi ń gba owó níbẹ̀ nígbà náà. Ìwé kan tó jọ sọ̀wédowó ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Ọdún 22 kọjá kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dé Nàìjíríà, nígbà tí báńkì Société Générale gbé ti àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní 1989.

Síbẹ̀, káàdì kò tètè gbilẹ̀. Ìdí rẹ̀ pọ̀. Iná mànàmáná kò dúró, tẹlifóònù kò sì ṣeé gbára lé. Káàdì báńkì kan kò ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ báńkì mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó jù lọ ni pé àwọn ènìyàn kò fọkàn tán báńkì fúnra rẹ̀ mọ́. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, báńkì ń kógbá sílé lọ́tùn-ún lósì. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1998 nìkan, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Oríta àti àtúntò

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní 2002, nígbà tí Mitchell Elegbe dá ilé-iṣẹ́ Interswitch sílẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà dà bíi ti oríta tí gbogbo ọ̀nà ti pàdé. Bí ẹ bá ki káàdì yín bọ ẹ̀rọ báńkì tí kì í ṣe tiyín, ẹ̀rọ náà yóò gba oríta yìí béèrè lọ́wọ́ báńkì yín pé, ṣé lágbájá ní iye tó ń béèrè yìí? Ìdáhùn yóò dé kí ẹ tó kà á dé ogún. Láti ìgbà náà, káàdì kan lè gba owó ní ẹnu ọ̀nà báńkì púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ní oṣù Keje ọdún 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, pàṣẹ pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù méjì péré ni tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ló wà nígbà tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Àwọn tó kù lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ń wá oníbàárà kiri. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ATM kalẹ̀ káàkiri, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì gba owó oṣù. Ní 2009, Interswitch gbé káàdì Verve jáde, káàdì ti ilẹ̀ wa.

Bí káàdì ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni olè ń kọ́ ọgbọ́n. Inú ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà nígbà náà, ẹni tó bá sì ní ohun èlò lè dà á kọ sórí káàdì mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 2010, Báńkì Àpapọ̀ mú kí àwọn báńkì pa irú káàdì bẹ́ẹ̀ tì, kí wọ́n lo èyí tó ní ègé onírin kékeré níwájú, tí nọ́ńbà àṣírí tí à ń pè ní PIN sì ń bá a rìn. Ègé náà máa ń fún ẹ̀rọ ní ìdáhùn tuntun ní gbogbo ìgbà tí a bá lò ó, nítorí náà ó ṣòro láti dà kọ. Kí ni àwọn olè ṣe? Wọ́n fi káàdì sílẹ̀, wọ́n dojú kọ ènìyàn. Wọ́n ń pe àgbàlagbà lórí fóònù pé báńkì ni àwọn, kí wọ́n ka nọ́ńbà wọn fún àwọn. Nígbà tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ BVN bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2014 láti dáàbò bo oníbàárà, àwọn olè sọ òun náà di ohun tí wọ́n fi ń tan ènìyàn.

Ètò àìfi owó rìn

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2012, nígbà tí Sanusi Lamido Sanusi jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò láti dín owó gbígbé rìn kù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá gba owó tó ju 500,000 náírà lọ lójúmọ́, tàbí ilé-iṣẹ́ tó bá gba ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, yóò san owó lé e. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ètò náà dé Ògùn, Abíá, Anámbra, Kánò, Rivers àti Àbújá. Ẹ̀rọ POS wọ ilé ìtajà, ilé epo àti ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá ọkọ̀ náà lọ. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé fi hàn pé ní 2011, nǹkan bí 30 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ní àkáǹtì. Ní 2021, ó di nǹkan bí 45. Èyí ni pé ó ju ìdajì lọ tí kò ní. Àwọn oní-POS tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn ló wá dí àlàfo yìí. Wọ́n ń gba káàdì, wọ́n ń fún ènìyàn lówó, wọ́n sì ń mú owó iṣẹ́ tiwọn. Bí ẹ bá wò ó, aláàjọ ló padà wá.

Ohun tí ojú wa rí ní 2023

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ kéde pé wọn yóò yí àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà padà, àti pé ti àtijọ́ kò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Wọ́n gba owó àtijọ́ wọlé, tuntun kò sì tó. Ẹ̀yin náà rí ìlà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àǹtí màmá wa kan wà ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 78, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Oògùn rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ náà. A fi owó ránṣẹ́, álẹ́ẹ̀tì sì dé láàárín wákàtí kan. Inú wa dùn, a sùn. A kò mọ̀ pé owó wà, oògùn kò sí. Àwọn ẹ̀rọ ATM àdúgbò ti gbẹ. Oní-POS tó ní owó ní òun yóò mú 2,000 náírà lórí 10,000. Kẹ́míìsì ní kó mú káàdì wá, ẹ̀rọ àwọn ń ṣiṣẹ́ lóòórọ̀ kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n káàdì Àǹtí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ ìbátan wa kan ní Èkó, nítorí àwa fúnra wa ló ní kó wà níbẹ̀, kó má baà sọnù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àǹtí kò fi lo oògùn. Àwa nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́rin lè ṣe fún ẹni ọdún 78. Ní ọjọ́ kẹrin, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá kan tó ń ta oògùn ládùúgbò, tí wọ́n ti jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún gbọọrọ, ló fún un ní oògùn náà láwìn. Ó ní, "Mo mọ̀ yín, ẹ ó san án." A dúpẹ́ pé Àǹtí wà láàyè. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó àtijọ́ máa wúlò títí di òpin ọdún náà. Ní oṣù Kọkànlá, ó tún ní kó máa bá a lọ.

Ìdáhùn wa

Láti ìgbà náà, fífi fóònù gbé owó láti àkáǹtì dé àkáǹtì ti wọ ìlú gan-an. Ìjọba gbé káàdì AfriGo jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ṣí ọ̀nà tí àwa tí a wà lókè òkun lè gbà forúkọ sílẹ̀ fún BVN láì wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ohun èlò ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò yí: káàdì kò ní owó nínú, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ló ń mú un níyì.

Nítorí náà, ìyá wa tó béèrè, ìdáhùn wa rèé. Ẹ jẹ́ kí káàdì màmá wà lọ́wọ́ màmá, nínú ilé tó ń sùn. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣe bàìbàì, kí ọmọ kan ṣoṣo tó ń gbé nítòsí máa bá a lọ, kí màmá náà sì mọ PIN rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi owó oògùn oṣù kan péré sínú àkáǹtì tí káàdì náà wà fún. Kí ìyókù wà níbòmíràn. Kí owó díẹ̀ wà nílé tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àfi fún oògùn. Kí ẹ sì mọ ẹni tó ń ta oògùn fún un, kí òun náà mọ̀ yín, kí ẹ kí i bí ẹ bá lọ sílé. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́, ẹ má ṣe dúró síbi álẹ́ẹ̀tì. Ẹ pè, kí ẹ béèrè pé, "Ṣé oògùn ti dé ọwọ́ yín?"

Ọlọ́run yóò dá àwọn òbí wa sí, wọn yóò jẹun ọmọ pẹ́. Àṣẹ.