Ògún, Irin àti Òfin: Ẹ̀tọ́ Ẹlẹ́sìn Láti Mú Ohun Ìjà Dání

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni èyí: bí irin bá jẹ́ ara ẹ̀sìn ènìyàn, ǹjẹ́ ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀ nìkan. Ní Gowon Estate tí mò ń gbé, ní agbègbè Ìpájà ní Alímọ̀ṣọ́, àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì àti jórinjórin wà tí wọn kò jẹ́ fi orúkọ Ògún ṣeré.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní 1699, Guru Gobind Singh dá ẹgbẹ́ Khalsa sílẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹ́sìn Síìkì ní Anandpur, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí ọmọ ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní lára ni idà kékeré tí wọ́n ń pè ní kirpan. Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, abala 25 rẹ̀ sọ gbangba pé mímú kirpan dání jẹ́ ara ṣíṣe ẹ̀sìn Síìkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1988 tí ó ka mímú ọ̀bẹ kiri ní ìta gbangba léèwọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó mú un nítorí ẹ̀sìn. Ní Kánádà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ ní 2006 pé ilé ẹ̀kọ́ kò lè fi òfin de kirpan pátápátá, bí a bá ti rán an mọ́ inú aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Bí Kristẹni ti ń fi Bíbélì búra ní kóòtù, tí Mùsùlùmí ń fi Kùránì búra, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́sìn Ògún ń fi irin búra. Láàrin gbogbo ọmọ Ògún, ọdẹ ni ìbọn kàn jù. Àwọn ọdẹ ni wọ́n ni ìjálá, tí Adébóyè Babalọlá kọ ìwé ńlá lé lórí ní 1966. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ètò ìṣípà kò ṣe é ṣe láìsí ohun èlò ọdẹ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń yà á kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn alààyè. Ìró ìbọn a sì máa dún níbi òkú ọdẹ.

Ṣùgbọ́n Ògún ti wà kí ìbọn tó dé. Ọwọ́ Òyìnbó ni a ti ra ìbọn, ó sì ti kún ilẹ̀ wa nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní 1890, àwọn ìjọba Òyìnbó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Brussels láti dín ìbọn ìgbàlódé tí ń wọ Áfíríkà kù. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún irú ṣakabùlà tí a ń gba ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 sọ pé ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Òfin olè jíjà àti ìbọn ti 1984 wá sọ pé ẹni tí ó ní ìbọn láìgba àṣẹ yóò san 20,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì.

Ẹ̀rù ìjọba kò ṣàìnídìí. Àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà fi ṣakabùlà kojú ìjọba nítorí owó orí ní 1968 àti 1969. Síbẹ̀, nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí ìjọba tún ké sí láti ṣọ́ ìlú. Ohun èlò kan náà, ìyìn lónìí, ẹ̀wọ̀n lọ́la!

Ǹjẹ́ kí á wá béèrè fún irú àyè tí àwọn Síìkì rí gbà? Abala 38 òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1999 fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn. Abala 45 sì gbà kí ìjọba dín in kù nítorí ààbò ìlú. Èrò tèmi ni pé a kò lè fi ẹ̀sìn nìkan gbèjà ìbọn. Inú àkọ̀ ni kirpan ń gbé, ọwọ́ ẹni tí ó mú un kò sì lè fi í pa ẹni tí ó wà lókèèrè. Ògún fúnra rẹ̀ kò béèrè ìbọn dandan: bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àdá, ọkọ́, àní irin kékeré kan, tó fún ìbúra àti ìbọ.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ ọdẹ kò tán síbẹ̀. Ìbọn rẹ̀ jẹ́ ohun èlò iṣẹ́, ó sì jẹ́ ara ìsìnkú rẹ̀. Òfin tí ó fi àgbàlagbà ọdẹ tí ó jogún ṣakabùlà bàbá rẹ̀ sínú ẹ̀wọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó kó ìbọn pamọ́ láti fi jalè kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọmọ Ògún àti ọmọ jàgídíjàgan. Ohun tí ó tọ́ kí á béèrè ni kí ìwé àṣẹ súnmọ́ ọdẹ ní abúlé rẹ̀, kí owó rẹ̀ má pa á lára, kí àwọn olórí ọdẹ máa jẹ́rìí sí ìwà ẹni tí ń gbà á, kí ìjìyà ṣakabùlà sì yàtọ̀ sí ti ìbọn adigunjalè. Bí a bá ṣe èyí, ìlú kò ní pàdánù ààbò rẹ̀, ọdẹ kò sì ní di ọ̀daràn nítorí ohun tí àwọn baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́.