Nígbà Tí Kòrónà Ká Wa Mọ́ Ẹnu Ìdánwò: Ìtàn Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, 2020 sí 2021

Ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni ìjọba fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì kan tí ó ti Milan wọ Èkó ní ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ bá a lára rẹ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó sì wà nígbà tí àìsàn gbé e. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọgbà gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ fi dákẹ́ rọ́rọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí a ti ń kà nípa àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ yunifásítì ni. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ yàtọ̀, ìyàtọ̀ yìí ni a sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn tí a kọ́ láàárín ọdún méjèèjì yẹn ti dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ báyìí.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́sẹ̀ méjì láti fi kìlọ̀ fún ìjọba. Owó tí ìjọba ń ná lórí yunifásítì àti ètò ìsanwó oṣù IPPIS wà lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ní ọjọ́ 23, oṣù kan náà, wọ́n sọ ọ́ di èyí tí kò lọ́jọ́. Ó wá jẹ́ pé nígbà tí Kòrónà kan ilẹ̀kùn yunifásítì ìjọba tó wà nínú ìyanṣẹ́lódì, kò bá ẹnìkan nínú kíláàsì. Àwa ni ó bá nílé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU kò kan àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀kọ́ ń lọ, ní ọ̀dọ̀ tiwa sáà ti ń parí, ìbéèrè ìdánwò sì ti wà nílẹ̀.

Àjàkálẹ̀-àrùn kì í ṣe àjèjì sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, àrùn influenza gba ojú òkun wọ Èkó, ó bá ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sí Òkè Ọya, àwọn òpìtàn sì fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó pa ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ olùkọ́ kò pọ̀ nígbà náà. St Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, àti Wesley College ní Ìbàdàn, ti 1905, wà lára wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ohun tí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn rí kàn, iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ebola ti ọdún 2014 sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Patrick Sawyer gbé e wọ Èkó ní ọjọ́ 20, oṣù Keje. Ènìyàn 20 ni ó mú, mẹ́jọ sì kú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde sí ìgboro, wà lára àwọn tó kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àkókò tó wáyé: àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú ìsinmi gígùn. Ìjọba kàn sún ọjọ́ ìwọlé síwájú ni. Wọ́n kọ́kọ́ dá a sí ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, wọ́n tún fà á padà sí ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án. Kí a ní kí ọmọ tó wà nílé má tíì wá, ó rọrùn. Kí a tú ọgbà tó kún fún ènìyàn ká, ọ̀tọ̀ ni. Lójú tiwa, ìrọ̀rùn 2014 yìí wà lára ohun tó fà á tí 2020 fi bá wa láìmúra.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19, oṣù Kẹta, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́. Àṣẹ náà tọ̀nà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 23, ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn náà pa ní ilẹ̀ yìí. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àṣẹ ní kí àwọn ọmọ lọ, kò sọ bí wọn yóò ṣe lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ti ọmọ àdúgbò nìkan. Ọmọ Ìlọrin ń kàwé ní Zaria, ọmọ Kàbbà ń kàwé ní Kano. Àrùn tí a ní kí ẹnikẹ́ni má fara kan ara nítorí rẹ̀, a wá kó àwọn ọmọ lọ sí gáréèjì nítorí rẹ̀, èrò mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé kò ní ju oṣù kan lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó sì gbàgbọ́ pé oṣù kan ni kì í ru ìwé àti ìkòkò rẹ̀ lọ sílé. Lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ní ìparí oṣù Kẹrin ó dé Kano, níbi tí òkú ti ń pọ̀ tí àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn di èèwọ̀ títí di ọjọ́ 1, oṣù Keje. Ìwé wà lókè, oníwèé wà nísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jù ni ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní TP. A lè fi fóònù kọ́ ènìyàn ní ìtàn, a lè fi kọ́ ọ ní gírámà. A kò lè fi fóònù mọ̀ bóyá ọ̀dọ́bìnrin kan lè mú kí ọgọ́ta ọmọ dákẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama tí à ń rán wọn lọ wà ní títì pẹ̀lú. Ìdánwò WAEC tí ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ ni ó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ ṣí àwa nìkan, kò síbi tí a ó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nígbà tí a padà dé, ní ọ̀dọ̀ wa, àárín TP àti ìdánwò ni a ti ń pín àkókò tó ṣẹ́kù. Ìdánwò ni ó jàre, nítorí òun ni ó ní máàkì tí a lè kọ sílẹ̀ kíákíá. Àbẹ̀wò tí àwọn olùyẹ̀wò ń ṣe dín kù. A kò gbà pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nípa ẹ̀kọ́ orí ayélujára, ariwo pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Bí a bá yọ àwọn díẹ̀ kúrò, kì í ṣe Zoom ni akẹ́kọ̀ọ́ wa lò, WhatsApp ni, nígbà tí iná bá wà tí owó dátà sì wà. Síbẹ̀ a rí ohun kan ní ẹ̀ka Yorùbá tí a kò retí. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ sínú fóònù bá ẹ̀kọ́ èdè olóhùn mu gan-an. A ó pe *igba*, *igbá*, *ìgbà* àti *igbà*, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bó bá wù ú, yóò sì fi ohùn tirẹ̀ dáhùn. A gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí kì í la ẹnu nínú kíláàsì. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ dé, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀, nítorí fóònù ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹni tó sì ní ètò tó lè tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Báwo ni a ó ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì? Oníkálukú wa fún un bó ṣe rí i.

Àwọn tí kì í sí nínú ìròyìn ni ìyá olóúnjẹ, oní-fotokópì, ọlọ́kadà ẹnu ọ̀nà ọgbà. Wọn kò ní owó oṣù.

Ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀ wọlé ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilẹ̀kùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí káàkiri. Ìwọ́de EndSARS àti kónílé-ó-gbélé tó tẹ̀lé e ní Èkó àti àwọn ibòmíràn tún da ètò rú nínú oṣù náà. Ìgbì kejì àrùn dé ní oṣù Kejìlá. Ó di ọjọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 kí ìwọlé tó fìdí múlẹ̀. Garawa omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ìbòmú wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ìtakété ni kò ṣeé ṣe, nítorí kíláàsì tí kò gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí àrùn tó dé, kò fẹ̀ sí i nígbà tí àrùn dé.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nísinsìnyí ni àkọsílẹ̀. Ìwé àṣẹ tí a lẹ̀ mọ́ pátákó ní oṣù Kẹta ọdún 2020, òjò ti fọ̀ ọ́. Ìkéde tó kù, orí WhatsApp ló wà, nínú fóònù tí àwọn kan ti pàdánù tí àwọn mìíràn sì ti pààrọ̀. Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ yìí náni lówó púpọ̀: kí yàrá ìkàwé kọ̀ọ̀kan ya àpótí kan sọ́tọ̀, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, àkókò ìdánwò tí a yí padà, rẹ́jísítà TP ti 2020 àti 2021, àti àwọn ohùn tí olùkọ́ gbà sílẹ̀. Kí wọ́n sì fi orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó tì wéra pẹ̀lú ti àwọn tó padà wá, kí a lè mọ iye ẹni tí kò padà wá, kí a sì bi wọ́n léèrè ohun tó dá wọn dúró, nígbà tí nọ́ńbà fóònù wọn ṣì ń lọ.