Bí Microsoft Ṣe Ra Àwọn Tí Ń Wo Inú Ilé Rẹ̀

 Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọjà iṣu tàbí ti aṣọ. Ọjà kan tí wọ́n ná ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2006 ni, nígbà tí olówó ńlá kan ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tọrẹ fún gbogbo ayé fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Bí ẹnìkan bá ń ta nǹkan, tí ẹlòmíràn sì rà á, kò sí ìyanu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń fi nǹkan tọrẹ, kí ni ẹni tí ó wá fi owó rà á ń rà gan-an? Ìbéèrè tí ó mú mi wá síhìn-ín nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ti lo kọ̀ǹpútà rí yóò ti gbọ́ orúkọ Windows, ètò ńlá tí Microsoft ṣe, tí ó ń darí ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí a bá ti tàn án títí a ó fi pa á. Fèrèsé ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n fèrèsé tí a kò lè gbà wo inú ilé ni. Bí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀, tàbí tí ètò kan bá ń kú lọ́wọ́ wa nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tí kò yé ẹnikẹ́ni ni Windows yóò gbé sójú wa. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ, tí ó san owó rẹ̀ pé, a wá dà bí ayálégbé nínú ilé ara rẹ̀.

Ní ọdún 1996, ọkùnrin méjì kan, Mark Russinovich àti Bryce Cogswell, tí wọ́n ti pàdé ní yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ètò kéékèèké síta tí ń jẹ́ kí a rí ohun tí Windows ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kó wọn sí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ wá di Sysinternals. Ẹni tí ó bá fẹ́ a mú, láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nínú wọn. Filemon a máa jókòó bí adènà. Gbogbo fáìlì tí ètò kan bá ṣí, tí ó kà, tàbí tí ó kọ nǹkan sí, Filemon yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Regmon ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lórí Registry, èyí tí í ṣe ìwé ńlá tí Windows ń kọ gbogbo ìlànà ilé rẹ̀ sí. Nítorí náà, bí ètò kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, alátùnṣe yóò tan Filemon, yóò sì rí i pé fáìlì kan báyìí ni ètò náà ń wá tí kò rí. Ohun tí ì bá gbà á ní ọjọ́ méjì a di ti ìṣẹ́jú márùn-ún. Process Explorer ní tirẹ̀ ń to gbogbo ètò tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń fi hàn wá èyí tí ó bí èyí, bí ìtàn ìdílé.

Kí wá ni wọ́n ń jẹ? Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Winternals sílẹ̀ ní ìlú Austin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Texas, èyí tí ń ta àwọn ètò tí ó lágbára jù. ERD Commander wà lára wọn, ètò tí ń jí Windows tí kò lè dìde mọ́. Ọ̀fẹ́ ń pe èrò, títà sì ń bọ́ ilé. Wọ́n dà bí ìyá ọlọ́jà tí èènì rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó ń wọ̀n lọ.

Orúkọ Russinovich kò ṣàjèjì ní Microsoft. Irú Windows NT méjì ni wọ́n ń tà nígbà náà: ọ̀kan fún orí tábìlì òṣìṣẹ́, èkejì, tí owó rẹ̀ ga jù, fún ẹ̀rọ tí ń sin ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn. Microsoft ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ọdún 1996 yìí kan náà, Russinovich wo inú wọn, ó sì rí i pé igi kan náà ni a fi gbẹ́ méjèèjì; ohun díẹ̀ tí a kọ sínú Registry ni ó ń sọ fún Windows irú èyí tí òun jẹ́. Ẹ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dùn létí ọlọ́jà. Síbẹ̀ wọn kò bá a ṣe ọ̀tá títí, nítorí ní ọdún 2000 ilé ìtẹ̀wé Microsoft fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ìwé tí òun àti David Solomon kọ lórí inú Windows.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dé etí àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà ni ti Sony BMG, ilé-iṣẹ́ olórin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, Russinovich ń dán ètò tuntun kan wò tí wọ́n pè ní RootkitRevealer, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ohun tí ó bá sá pamọ́ nínú ẹ̀rọ. Ó tàn án lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ohun kan lúgọ síbẹ̀ tí kì í ṣe òun ni ó fi síbẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ títí ó fi dé ìdí àwo orin kan tí òun fi owó ara rẹ̀ rà, tí Sony BMG ṣe. Nígbà tí ó fi àwo náà sínú ẹ̀rọ láti gbọ́ orin ni ètò náà bá a wọlé.

Ohun tí Sony BMG ń wá ni pé kí àwọn ènìyàn má ṣe da orin náà kọ ju ìwọ̀n tí òun fọwọ́ sí lọ. Ìyẹn nìkan kì bá tí burú. Ṣùgbọ́n ètò náà ń fi ara rẹ̀ pamọ́, ó sì ń fi gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $sys$ pamọ́ pẹ̀lú, tí ó fi jẹ́ pé jàgùdà yòówù tí ó bá mọ àṣírí yìí lè sọ nǹkan tirẹ̀ ní $sys$, kí onílé má sì rí i. Nígbà tí Russinovich fà á tu, ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ń ka àwo kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ó kọ gbogbo rẹ̀ síta fún ayé kà. Kí oṣù kọkànlá tó parí, Sony BMG ti ń kó àwọn àwo náà kúrò lọ́jà, ìjọba ìpínlẹ̀ Texas sì ti pè é lẹ́jọ́. Microsoft pàápàá kéde pé òun yóò máa bá àwọn oníbàárà òun yọ ohun náà kúrò. Ẹ wò ó dáadáa: ètò tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni ó mú ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé. Kò sí ọ̀gá kankan lókè ọkùnrin náà tí ó lè sọ fún un pé, "Oníbàárà wa nìwọ̀nyí, dákẹ́."

Kò pé oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí tí ọjà náà fi ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2006, Microsoft kéde pé òun ti ra Winternals àti Sysinternals. Iye owó tí wọ́n san, wọn kò sọ ọ́ síta. Òṣìṣẹ́ Microsoft ju 70,000 lọ nígbà náà. Bí ẹni pé òkun gba odò kékeré kan mọ́ra ni. Russinovich di Technical Fellow, oyè tí amọṣẹ́ díẹ̀ péré ń jẹ níbẹ̀, Cogswell náà sì bá a wọlé.

Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ọ̀fẹ́ ti tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Process Monitor, tí ó pa iṣẹ́ Filemon àti Regmon pọ̀ sójú kan, jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí ó yí padà wà níbi tí ọ̀pọ̀ kò wò. Àwọn ètò tí Winternals ń tà ni ó kúrò lọ́jà. ERD Commander wọ inú àkójọ kan tí Microsoft ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó bá a ṣe àdéhùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ, alátùnṣe kékeré kò sì rí i rà mọ́. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò: èyí tí wọ́n fi ń tọrẹ kò lọ, èyí tí wọ́n ń tà ni ó lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Fún díẹ̀ nínú àwọn ètò wọn, àwọn méjèèjì ti fi ọ̀rọ̀ gan-an tí wọ́n fi kọ ètò náà síta rí, kí a tó sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Ẹni tí ó bá kà á lè kọ́ ọgbọ́n wọn, kí ó sì gbẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọjà náà, a kò rí i níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun tí a kò san owó rẹ̀ àti fún ẹni tí kì í ṣe ẹrú, wọ́n sì ti jiyàn títí lórí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwa kò ní wàhálà yẹn: ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira. Sysinternals kò kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Òmìnira tirẹ̀ ni ó dínkù.

Bí ẹ bá bi èmi léèrè, ojú ni Microsoft rà. Ètò, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó lè kọ ọ́. Ẹni tí ń yọjú láti ìta wá di ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́; àléébù tí ó bá rí, ó lè bá wọn tún un ṣe kí ó tó dé ilé wa. Èrè ńlá nìyẹn, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí ní ọdún 1996, ìta gbangba ni ó ti sọ ọ́, ọmọ agbo ilé kì í sì í ro ẹjọ́ bàbá ilé lárìnnà ọjà. N kò fi èyí bú u. Ẹni tí ó ti tọrẹ fún ọdún mẹ́wàá lẹ́tọ̀ọ́ láti ta oko rẹ̀.

Cogswell fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2010. Russinovich dúró, ní ọdún 2014 ó di olórí ìmọ̀ ẹ̀rọ fún Azure, ẹ̀ka Microsoft tí ń fi kọ̀ǹpútà háyà fún ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé. Ní ọdún 2018, Microsoft gbé ọ̀kan nínú àwọn ètò Sysinternals, ProcDump, síta pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni lè kà á kí ó sì tún un ṣe. Èyí tí wọ́n gbé síta bẹ́ẹ̀ ni ti Linux, ètò tí kì í ṣe ti Microsoft. Ti Windows ṣì wà nínú ilé.