Ohun Tí Ẹ́ksíréè Kò Sọ

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dun ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Gbogbo ilé ló ní làkúrègbé ni. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ya ẹ́ksíréè eegun ẹ̀yìn. Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó ní kò sí nǹkan. Ọkàn wa balẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kò gbé wọn mọ́. Scan tí a ṣe níbòmíràn ló fi hàn pé jẹjẹrẹ ti wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn, ó sì ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé eegun ẹ̀yìn. A sin wọn kí ọdún náà tó parí.

Ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà: ṣé fọ́tò yẹn parọ́ ni? Kí n tó rí ìdáhùn, mo ní láti lọ wádìí bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti wo inú eegun.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán kan tí kò mọ ohun tí ó jẹ́, ló bá pè é ní X. Kí ọdún tó yí, ó ti fi ya fọ́tò ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Eegun ìka àti òrùka hàn kedere. Ṣùgbọ́n òjìji lásán ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Kálísíọ́mù inú eegun ló ń dí ìtànṣán lọ́nà. Jẹjẹrẹ ní láti jẹ nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú 100 èròjà líle tó wà lójú kan kí ojú wa tó lè rí àlàfo níbẹ̀. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò parọ́. A tètè bi í ju bí ó ti lè dáhùn lọ ni.

Ẹni tó ṣí ọ̀nà mìíràn ni George de Hevesy, ọmọ Hungary tó ń ṣiṣẹ́ ní Copenhagen. Ní 1935, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìròyìn pé phosphorus tó ń tú ìtànṣán, tí àwọn fún èkúté jẹ, wọ inú eegun, díẹ̀díẹ̀ ló sì tún ń jáde. Eegun tí a rò pé ó dà bí òkúta, ojoojúmọ́ ló ń wó ara rẹ̀ tó sì ń tún ara rẹ̀ kọ́. Bí ó bá ń jẹun, a jẹ́ pé a lè fi oúnjẹ rán ẹni tí yóò bá wa ṣọ́ ọ.

Ìránṣẹ́ tó yẹ ni technetium. Emilio Segrè àti Carlo Perrier rí i ní Palermo ní 1937, nínú irin molybdenum tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti California. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Segrè àti Glenn Seaborg rí irú èyí tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6: ó pẹ́ tó láti ya fọ́tò, kò sì pẹ́ nínú ara jù. Ní 1971 ni Subramanian àti McAfee so ó mọ́ èròjà phosphate tí eegun fẹ́ràn. Kámẹ́rà tí Hal Anger ti ṣe láti ọdún 1950 sókè wá lè wo eegun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ibi tí eegun bá ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ máa ń kó jọ sí.

(Àwọn tó ń lò ó máa ń pe àpótí tí technetium ti ń jáde ní màlúù, nítorí pé wọ́n ń fún un bí wàrà. Ṣùgbọ́n molybdenum inú rẹ̀ ń dín sí ìdajì láàárín wákàtí 66, kò ṣeé tọ́jú sínú yàrá bí ìrẹsì. Ibi tí bàálù kò bá ti gbé e dé déédéé, kámẹ́rà kàn jókòó ni.)

Síbẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọgbọ́n yìí di asán. Scan eegun kì í rí ẹni tó ń wó ilé. Bíríkìlà tó ń tún un mọ ló ń rí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì jẹ́ èyí tó sábà máa ń wó tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún nǹkan kan mọ. Àmì rẹ̀ lè rọ̀, ó sì lè ṣófo pátápátá. PET náà, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣúgà inú rẹ̀ wo ènìyàn ní Pennsylvania ní 1976, ń kọsẹ̀ níbí: àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kan ṣì ń hùwà bí ẹ̀dọ̀ gan-an, wọ́n á gba ṣúgà wọlé, wọ́n á tún tú u sílẹ̀.

CT, tí Godfrey Hounsfield kọ́kọ́ fi wo ọpọlọ aláìsàn kan ní London ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1971, ń gé ara bí ẹni gé búrẹ́dì, tí òjìji kan kì í fi bo èkejì mọ́. MRI, tí Paul Lauterbur tẹ àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1973, kò tilẹ̀ dúró de kálísíọ́mù. Omi àti ọ̀rá inú mùdùnmúdùn ló ń wò, níbi tí jẹjẹrẹ ti máa ń kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀, kí eegun fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Òun ló sì lè fi hàn bí èèmọ̀ náà bá ti ń tẹ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀.

Fọ́tò àtijọ́ náà ṣì wà nílé, nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀. Mo gbé e síwájú fèrèsé lóṣù tó kọjá, mo ka eegun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé méjì tí scan sọ. Wọ́n funfun, wọ́n sì pé.